Abẹ́rẹ́ flu tó ṣiṣẹ́ 19%: ta ni wọ́n fi wé ta?

Abèèrè kọ:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn kan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, kò sì tíì níyanjú. Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ kan ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀dọ̀ CDC, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà. Ohun tó wà nínú àtẹ náà ni bí abẹ́rẹ́ àjẹsára flu ṣe ṣiṣẹ́ tó ní sáà kọ̀ọ̀kan. Níwájú sáà 2014 sí 2015, 19% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣó o rí i? Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba abẹ́rẹ́, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni flu ṣì mú. Kí ni wọ́n wá ń gún èèyàn fún?" Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ibi tí mo lè dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wọ̀n gan-an?

Oníṣirò fèsì:
Ẹ̀gbọ́n yín kà á bí ẹni pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n tò jọ tí wọ́n kà. Agbo méjì ni wọ́n fi ń wé ara wọn: àwọn tó gbà á, àti àwọn tí kò gbà á. 19% yẹn ń sọ bí ewu flu ṣe fi dín kù tó lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á sí tàwọn tí kò gbà á.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, nọ́ńbà àfinúrò ni o. Ká ní flu mú 100 nínú 1,000 èèyàn tí kò gba abẹ́rẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́ 19%, á jẹ́ pé 81 ló mú nínú 1,000 tó gbà á. 81 tí ẹ̀gbọ́n rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ̀rún ló wà, kò sí nínú ọgọ́rùn-ún. Flu ò dé ọ̀dọ̀ àwọn 919 tó kù. Ní sáà 2010 sí 2011 tí àtẹ kan náà kọ 60% sí, 40 ni ì bá mú dípò 81.

Ohun kan tún wà tí nọ́ńbà yìí kì í sọ: iye èèyàn tí abẹ́rẹ́ yọ nínú ewu. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́ 40%. Ní sáà tí flu ń mú 100 nínú ẹgbẹ̀rún, ó yọ 40 èèyàn. Ní sáà tí flu rọra wá, tó jẹ́ 20 péré ló ń mú, ó yọ 8. Ìdá kan náà ni o, iṣẹ́ tó ṣe nílùú kò sì jọra rárá. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí ìwé ìròyìn bá kọ ìdá yẹn gàdàgbà, tí wọn ò sì sọ bí flu ṣe pọ̀ tó lọ́dún náà.

Ẹlẹ́rìn-ín fèsì:
Ẹ̀gbọ́n sọ ẹgbẹ̀rún di ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fi wọ́n ṣe akápò ẹbí o.

Tọpinpin fèsì:
Àlàyé Oníṣirò yé mi, kò sì tíì dé ibi tó ń yún mi. Ta ló to ẹgbẹ̀rún èèyàn méjì sílẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ wọn títí sáà fi parí? Ọ̀pọ̀ ẹni tí flu mú, inú yàrá ló ń sùn sí títí ara rẹ̀ á fi yá, dókítà kankan ò gbọ́ sí i. Nínú àwọn tó lọ sílé ìwòsàn pàápàá, mélòó ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Ikọ́ àti ibà tí kòkòrò mìíràn fà, ojú flu ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ sọ ibi tí 19 yẹn ti jáde fún mi kí n tó gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera fèsì:
Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn máa bi nìyẹn. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú lọ́wọ́, orí yìí gan-an sì ni mo pẹ́ sí jù.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí wọ́n ṣẹ́ gègé: gègé ló máa pinnu ẹni tó gba abẹ́rẹ́ flu àti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní flu nínú, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó kan òun, kí wọ́n wá máa yẹ gbogbo wọn wò nígbà tí ara wọn ò bá yá. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ní 2012, Michael Osterholm àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa àwọn ìwádìí gègé tó dúró dáadáa jọ, ohun tí wọ́n rí fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 65 jẹ́ 59%. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni kòkòrò flu ń pa ara dà, abẹ́rẹ́ náà sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà èsì ọdún yìí kò lè dúró fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ní 2010, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo ẹni tó ti lé lóṣù mẹ́fà ní Amẹ́ríkà nímọ̀ràn láti gbà á. Ojú wo lèèyàn máa fi wo arúgbó kan pé gègé ti mú un, kó má gbà á lọ́dún yìí?

Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀ rọrùn débi tó fi ń yani lẹ́nu. Wọ́n dúró sílé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pẹ̀lú ikọ́ tí kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n á fi òwú gba ikun imú rẹ̀, wọ́n á sì fi PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà, wá flu nínú rẹ̀. Àwọn tí àyẹ̀wò bá flu lára wọn lọ sápá kan, àwọn tí kò bá flu lára wọn lọ sápá kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nínú apá méjèèjì.

Ká ní 300 ni flu wà lára wọn: 100 gba abẹ́rẹ́, 200 kò gbà á. 600 ni flu ò sí lára wọn: 300 gbà á, 300 kò gbà á. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní flu, ẹnì kan gbà á fún ẹnì kan tí kò gbà á. Lọ́dọ̀ àwọn tó ní flu, ìdajì èèyàn ló gbà á fún ẹnì kan tí kò gbà á. Ẹ fi ọ̀kan pín ìdajì yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan, ìdajì ló kù: abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ 50%.

Ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí wọn abẹ́rẹ́ flu, ní sáà 2004 sí 2005. Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ọsirélíà fi tẹ̀ lé wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sùn sílé nígbà àìsàn kò sí nínú apá kankan. Gbogbo ẹni tí wọ́n kà ló jẹ́ irú ẹni tó ń wá dókítà lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:
Ẹ ṣeun, ọmọ mi, o ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kí n fi ohun tí a ń rí lẹ́nu iṣẹ́ kún un, torí lórí ìwé ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ geerege.

Àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Tí ìlànà bá ní gbogbo ẹni tó ń wúkọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo wọn. Tí ẹ bá fi sọ́wọ́ dókítà pé kó yan ẹni tó wù ú, dókítà tó bá ti gbọ́ pé aláìsàn gba abẹ́rẹ́ lè sọ lọ́kàn rẹ̀ pé èyí kò lè jẹ́ flu, kó má sì yẹ̀ ẹ́ wò. Báyìí ni àwọn kan tó gba abẹ́rẹ́ á ṣe pòórá nínú ìṣirò, èsì náà sì lè má dúró dáadáa mọ́.

Èkejì, àkókò. Kòkòrò náà kì í pẹ́ nínú imú. Ẹni tó bá ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kó tó wá, òwú lè má bá nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ní flu nìyẹn tó lọ jókòó sáàárín àwọn tí kò ní. Èkẹta, tí a bá béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé ṣé ó gba abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò rántí bóyá ọdún yìí ni àbí èṣí. Níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ bá wà, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́.

Tọpinpin fèsì:
Ó dáa. Ní báyìí tí a ti mọ ọ̀nà ìwọ̀n, kí lẹ fẹ́ sọ sí ìwádìí tí Cleveland Clinic gbé síta ní 2025, lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní sáà 2024 sí 2025? Èsì tiwọn lọ sẹ́yìn òdo: -26.9%. Ìyẹn ni pé flu mú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ó ju 50,000 òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀tá abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ni. Àbí èsì tó bá wù wá nìkan ni ká máa gbà?

Oníṣirò fèsì:
Rárá o, gbogbo èsì la máa yẹ̀ wò, tèyí náà sì ni. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n sì ń ka ẹni tí àyẹ̀wò bá ti bá flu lára rẹ̀. Wọn ò pe gbogbo òṣìṣẹ́ wá fún àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá lọ yẹ ara rẹ̀ wò ni wọ́n rí. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sì ń lọ fún àyẹ̀wò ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹni tó ń ju àwọ̀n sódò ní gbogbo àárọ̀ á kó ẹja ju ẹni tó ń jù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ odò kan náà ni wọ́n ń dẹ.

Tí a bá kúrò lórí iye ẹni tí wọ́n bá flu lára rẹ̀ nínú gbogbo òṣìṣẹ́, tí a wá wo iye tí wọ́n bá flu lára rẹ̀ nínú àwọn tó lọ fún àyẹ̀wò nìkan, àlàfo ńlá yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ò fi ìyẹn sọ pé abẹ́rẹ́ ọdún náà dára lára wọn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé -26.9% yẹn ń wọn ìwà àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ abẹ́rẹ́, wọn ò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Tọpinpin fèsì:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn ní ojú méjì. Tí ìwà èèyàn bá lè ba abẹ́rẹ́ lórúkọ jẹ́, ó lè fún un ní orúkọ tí kò tọ́ sí i pẹ̀lú. Ṣé ẹ máa yẹ ìyẹn náà wò bẹ́ẹ̀?

Oníṣirò fèsì:
Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó fura. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ìtàn yìí ló jẹ́ kí èmi fúnra mi máa wo gbogbo nọ́ńbà abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí lórí ìwádìí ń sọ pé abẹ́rẹ́ flu ń gé ikú àwọn àgbàlagbà nígbà òtútù kù sí ìdajì. Ikú látọwọ́ ohunkóhun ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe ikú flu nìkan. Ní 2005, Lone Simonsen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò iye ikú ìgbà òtútù tí flu fà láàárín àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà. Kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ ju flu lọ, báwo ló ṣe máa dènà ìdajì gbogbo ikú? Wọ́n tún wò ó pé àwọn arúgbó tó ń gba abẹ́rẹ́ ti pọ̀ láti nǹkan bí 15% ṣáájú 1980 dé 65% ní 2001, síbẹ̀ wọn ò rí i kí ikú flu tìtorí ẹ̀ wálẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Lisa Jackson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tó jọ mí lójú. Wọ́n mú ìwé ìtọ́jú àwọn èèyàn tó ju 72,000 lọ, tí gbogbo wọn ti tó ọmọ ọdún 65, wọ́n sì pín ọdún sí mẹ́ta: kí flu tó dé, ìgbà tí flu wà níta, àti lẹ́yìn tí flu ti lọ. Nígbà tí flu wà níta, ewu ikú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ jẹ́ 0.56 ti àwọn tí kò gbà á. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní abẹ́rẹ́ ti gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n kí flu tó dé rárá, ewu wọn jẹ́ 0.39. Lẹ́yìn tó lọ, 0.74. Abẹ́rẹ́ flu ń "dènà ikú" jù lọ nígbà tí kò sí flu nílẹ̀!

Ohun tó fà á kò le. Àgbàlagbà tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń kú lọ, ta ló fẹ́ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́? Èyí tó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ló ń lọ. Nítorí náà, agbo àwọn tí kò gbà á ti kún fún àwọn tí ikú ti ń wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn wọ̀nyẹn ń kú tán, ara àwọn kan nínú agbo kejì náà ń rẹ̀ sílẹ̀, ìyàtọ̀ náà wá ń dín kù.

Abèèrè fèsì:
Háà. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò ṣe àwọn àgbàlagbà láǹfààní kankan ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera fèsì:
Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ikú látọwọ́ ohunkóhun kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dára fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé flu tí àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n ń kà báyìí. Gègé sì ti sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbàlagbà náà: ní 2014, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí 31,989 èèyàn tó ti tó ọdún 65, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìdajì gba abẹ́rẹ́ flu tí gbogbo èèyàn mọ̀, ìdajì gba èyí tí èròjà rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó pọ̀ yẹn fi 24.2% dènà flu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gègé ṣeé ṣe níbẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dù.

Ọ̀kan wà tí àwọn ìwádìí àtijọ́ tún fi ń tan ara wọn. Dípò kí wọ́n wá kòkòrò nínú imú, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò: bí èròjà tí ara fi ń bá flu jà bá lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n gbà pé flu ti mú ẹni náà. Ti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ti ga tẹ́lẹ̀, torí náà kì í sábà lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kódà bí flu bá mú un. Wọn ò ní rí i kà.

Abèèrè fèsì:
Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka gbogbo èyí o. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè: tí flu bá wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó sì jẹ́ pé méjì nínú mẹ́ta àwọn tó mú ló ti gba abẹ́rẹ́, ṣé ẹ̀rí kọ́ nìyẹn?

Oníṣirò fèsì:
Ẹ kí ẹ̀gbọ́n fún mi. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ló gba abẹ́rẹ́ nínú gbogbo ilé náà. Ká ní 1,000 ni wọ́n, 800 gbà á, 200 kò gbà á. Flu mú ìdá márùn-ún kan àwọn tí kò gbà á: 40. Abẹ́rẹ́ gé ewu sí ìdajì, nítorí náà ó mú ìdá mẹ́wàá kan àwọn tó gbà á: 80. Nínú 120 tó ṣàìsàn, 80 ló gba abẹ́rẹ́, méjì nínú mẹ́ta géérégé. Abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́ 50% lẹ wò yẹn.

Wọ́n tilẹ̀ ń lo irú ìṣirò yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ èsì kíákíá: wọ́n á mú ìdá àwọn aláìsàn tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n á fi wé ìdá àwọn ará ìlú tó gbà á. Èmi ò fọkàn tán an. Ẹ jẹ́ ká ní 80% tí a pè é yẹn kì í ṣe òótọ́, pé 70% ló gbà á ní ti gidi. Pẹ̀lú àwọn aláìsàn kan náà, 50% yẹn já wálẹ̀ sí 14%. Ìlú mélòó ló mọ iye èèyàn tó gba abẹ́rẹ́ débi tí kò fi ní ṣì í pẹ̀lú mẹ́wàá?

Ẹlẹ́rìn-ín fèsì:
Ẹ̀gbọ́n ti wọlé fúnra wọn. Ẹ fún wọn ní ìjókòó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ ìdí tí 2014 sí 2015 fi burú bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ni a ń gún o, àmọ́ ó ju kòkòrò kan lọ tó ń dojú kọ. Flu A méjì ló ń jà láàárín èèyàn, H1N1 àti H3N2, flu B sì wà pẹ̀lú wọn. Lọ́dún yẹn, H3N2 ló pọ̀ jù níta, ó sì ti yí ojú padà lẹ́yìn tí wọ́n ti yan èyí tó máa wà nínú abẹ́rẹ́. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 1947, abẹ́rẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ní 1943 já wọn kulẹ̀ nítorí pé kòkòrò náà ti di òmíràn.

Ní 2016, àwọn kan kó ìwádìí ilé ìwòsàn irú èyí tí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé jọ láti 2004 sí 2015. Fún H1N1 tó jáde ní 2009, 61%. Fún flu B, 54%. Fún H3N2, 33% péré. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé abẹ́rẹ́ flu ń ṣiṣẹ́, mo máa ń bi í pé flu wo. Ẹyin adìyẹ wà nínú ọ̀rọ̀ H3N2 náà: inú ẹyin ni wọ́n ti ń sin ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ dàgbà, kí H3N2 tó lè gbé inú ẹyin, ó máa ń yí ara rẹ̀ díẹ̀, èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ á wá yàtọ̀ sí èyí tó wà níta.

Tọpinpin fèsì:
Ẹyọ kan ṣẹ́kù lọ́kàn mi. Gbogbo ohun tí ẹ ń wọ̀n, ara ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ni. Àkọlé Abèèrè ní ta ni wọ́n fi wé ta. Tí abẹ́rẹ́ bá ń dín flu kù nílùú, àwọn tí kò gbà á náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ sì ń fi àwọn yẹn ṣe òṣùwọ̀n! Ìyàtọ̀ á kéré ju iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ṣe lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera fèsì:
Ẹ kú ojú inú, ẹ̀gbọ́n Tọpinpin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ilé ìwòsàn kò sì lè rí i. Kí èèyàn tó lè rí i, odindi ìlú ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ gègé lé lórí. Mark Loeb àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Kánádà ní sáà 2008 sí 2009. Àwọn Hutterite jẹ́ ẹlẹ́sìn tó ń gbé pọ̀ ní abúlé tiwọn, tí àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn abúlé 49: ní àwọn kan, wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 15 ní abẹ́rẹ́ flu, ní àwọn yòókù, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi A. Lẹ́yìn náà wọ́n ka flu lára àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan nínú ìwádìí náà. Ní àwọn abúlé tí àwọn ọmọdé ti gba ti flu, ewu àwọn yẹn fi 61% dín kù. Wọn ò gún àwọn yẹn lábẹ́rẹ́ rárá o.

Tọpinpin fèsì:
Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ìyókù lọ. Mo mọ ti Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti gún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ iléèwé ní abẹ́rẹ́ flu láti 1962 sí 1987. Àwọn kan kọ ọ́ ní 2001 pé ó gba ẹ̀mí 37,000 sí 49,000 èèyàn là lọ́dọọdún, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò gbà á tó ti Kánádà yìí, nítorí pé odindi orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n fi wé ara rẹ̀ láyé àtijọ́ àti láyé tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló sì yí padà láàárín ìgbà yẹn.

Oníṣirò fèsì:
Mo wà lẹ́yìn yín lórí ti Jàpáànù. Ẹ jẹ́ kí n tún fi ìṣòro kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀. Ọ̀nà ilé ìwòsàn dúró lórí pé abẹ́rẹ́ flu kò ní í ṣe pẹ̀lú ikọ́ tí kì í ṣe flu. Kòrónà wá wọ inú àwọn "tí kò ní flu". Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ flu ló sábà ń gba ti Kòrónà pẹ̀lú, nítorí náà Kòrónà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ flu á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú apá kejì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ flu á sì dà bíi pé ó kéré. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń yọ àwọn tí Kòrónà wà lára wọn kúrò nínú apá náà kí wọ́n tó ṣírò.

Abèèrè fèsì:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n ti gba ti 919 yẹn, àmọ́ wọ́n ṣì ní CDC ń tàn wá, torí pé níwájú sáà 2004 sí 2005 nínú àtẹ náà, 10% ni wọ́n kọ, tí nọ́ńbà méjì sì wà nínú àkámọ́: -36 àti 40. Kí ni ìyẹn?

Oníṣirò fèsì:
Kí ẹ̀gbọ́n fojú sí àkámọ́ yẹn ju 10 lọ. Ó ń sọ pé àwọn tí wọ́n kà kò pọ̀ tó láti mọ̀ dájú: abẹ́rẹ́ lè ti ṣiṣẹ́ dé 40%, ó sì lè má ti ṣe nǹkan kan. Àkámọ́ 2014 sí 2015 jẹ́ 10 sí 27, ó kéré lóòótọ́, àmọ́ kò kan òdo. Ẹni tó bá fẹ́ tàn yín kò ní kọ àkámọ́ síbẹ̀.

Abèèrè fèsì:
Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má bínú. Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń gbé nọ́ńbà kan jáde ní oṣù kejì, tí òmíràn tó yàtọ̀ díẹ̀ á tún jáde lẹ́yìn náà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:
Oṣù kejì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń jókòó láti yan kòkòrò tó máa wà nínú abẹ́rẹ́ òtútù tó ń bọ̀ ní apá àríwá ayé, torí pé ṣíṣe abẹ́rẹ́ náà ń gbà tó oṣù mẹ́fà. Ti apá gúúsù, oṣù kẹsàn-án ni. Wọ́n nílò láti mọ bí ti ọdún yìí ṣe ń ṣe kí wọ́n tó yan òmíràn, nítorí náà ohun tó bá wà nílẹ̀ ní àárín sáà ni wọ́n á fi ṣírò. Nígbà tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó kù bá wọlé, wọ́n á tún un ṣe.